Láti Àjẹ̀ Dé Ẹ́ńjìnnì: Ìtàn Ọkọ̀ Kékeré àti Epo Rẹ̀, Láti Bur Dubai Dé Èpẹ́

 

Ó ṣòro kí ènìyàn gbé Bur Dubai fún oṣù kan kó má wọ abra. A ó gba ẹ̀yìn ọjà aláṣọ, a ó bọ́ sínú ọkọ̀ onígi náà, a ó san dirham kan, kí a sì tó bá ẹni tó jókòó tì wá kí ara wa tán, a ti dé Deira. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀, àwa oníṣòwò náà sì ń fi í sọdá lọ ra ọjà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ti ń dún lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ ọkọ̀ yìí. Nínú abra, èrò ń jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ara wọn sì balẹ̀. Nílé, lẹ́tí ọ̀sà, ìyá mi kì í jẹ́ kí á súnmọ́ ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rárá. Kí ló fa ìyàtọ̀ náà?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn. Mo sì ní ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn náà nísinsìnyí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ń lọ sílé láti Sharjah, ó ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Èpẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín náà ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ rí, tàbí ẹ ń gbèrò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí ná kí ẹ tó dí àpótí rẹ̀ pa.

ABRA LÁYÉ ÀTIJỌ́

Òkun ló ya apá kan wọ inú ìlú Dubai. Àwọn Lárúbáwá ń pe apá omi náà ní Khor. Bur Dubai wà ní bèbè kan, Deira wà ní bèbè kejì, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wá péálì nínú òkun, tí ọkọ̀ onígbòkun ń ti Íńdíà àti Ìráànì wá, ni ọjà ti ń sọdá láti bèbè kan sí èkejì. Odi Al Fahidi, tí wọ́n mọ ní nǹkan bí ọdún 1787, tí wọ́n sì sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1971, ṣì dúró ní Bur Dubai láti jẹ́rìí sí ayé ìgbà náà.

Abra ni ó so bèbè méjèèjì pọ̀. Orúkọ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn sọdá. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á. Kò sí afárá kankan. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ abra, àfi kó rìn yí ìdí omi náà ká, ọ̀nà sì jìn.

Ní 1958 ni Sheikh Rashid bin Saeed Al Maktoum gorí oyè. Iyanrìn ti ń dí Khor nígbà náà, ọkọ̀ ńlá kò sì rí ọ̀nà wọlé bó ṣe yẹ. Ó yá owó ní Kuwait, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ iyanrìn náà ní 1959, iṣẹ́ náà sì parí ní 1961. Ẹ fi sọ́kàn pé Dubai kò tíì rí epo rọ̀bì nígbà yẹn. Ọdún 1966 ni wọ́n rí i, ọdún 1969 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tà á sókè òkun. Omi ni ìlú yìí kọ́kọ́ fi jẹun.

Afárá Al Maktoum ṣí ní 1963. Ọ̀nà abẹ́ omi ti Shindagha ṣí ní 1975. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn lè rò pé abra ti kógbá sílé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjẹ̀ ló kógbá sílé. Ẹ́ńjìnnì dísù ló gba ipò rẹ̀. Wọ́n gbé e sí àárín ọkọ̀, awakọ̀ wọ inú ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èrò sì jókòó yí wọn ká. Ní 2005 ni ìjọba Dubai dá RTA sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó ọ̀nà àti ìrìnnà, àwọn ni wọ́n sì ń ṣàkóso abra báyìí. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n tún ti gbé abra tí ń lo iná mànàmáná sórí omi. Àjẹ̀, dísù, mànàmáná: ọ̀nà tí abra gbà nìyẹn. Pẹtiróòlù kò rí àyè jókòó níbẹ̀ tó bí ó ṣe rí i lẹ́yìn ọkọ̀ tiwa nílé.

ÌYÀTỌ̀ DÍSÙ ÀTI PẸTIRÓÒLÙ

N kò ní fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dà yín lórí rú. Ohun kan péré ni kí ẹ dì mú. Kì í ṣe epo tó wà nínú táńkì gan-an ló ń gbiná. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára epo náà ni ó ń gbiná.

Dísù kì í tú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbiná sílẹ̀ àfi bí ó bá gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 52 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí, agbára káká ni ojú ọjọ́ fi ń gbóná dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹtiróòlù ń tú tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo, títí kan inú òtútù tí ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 40 lọ sísàlẹ̀ òdo. Kò sí àárọ̀ kan ní Èpẹ́, kò sí òru kan ní Sharjah, tí pẹtiróòlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni pé afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń fà lọ, bí omi tí a dà sílẹ̀, tí yóò máa wá ibi tó rẹlẹ̀, títí yóò fi pàdé iná. Inú ọkọ̀ sì rèé, bí igbá ló rí. Ohun tó bá sọ̀kalẹ̀ sí ìdí igbá kì í rí ibi gbà jáde.

Ìdáhùn ìbéèrè mi nìyẹn. Ara èrò lè balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísù nítorí pé dísù kì í rìn. Afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù ń rìn.

ẸNI TÓ SO Ẹ́ŃJÌNNÌ MỌ́ Ẹ̀YÌN ỌKỌ̀

Ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Norway, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ole Evinrude, ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ ra áísìkiriìmù fún ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́. Kí ó tó wà á padà, áísìkiriìmù ti di omi. Inú bí i. Ní 1909 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì tí a lè so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré, tí a sì lè tú kúrò. Cameron Waterman ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti Evinrude ni ó gbilẹ̀ káàkiri.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé epo rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni táńkì wà, epo sì ń ti òkè sọ̀kalẹ̀ sínú kábúrétọ̀. Bí epo bá tán láàárín omi, awakọ̀ á dìde dúró nínú ọkọ̀ tí ń mì, á sì máa da pẹtiróòlù sórí ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná. Ní 1949 ni ilé iṣẹ́ Johnson gbé táńkì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e kalẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi róbà so wọ́n pọ̀. Ìtura ńlá ni. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sínú táńkì ló ń ti epo jáde, nítorí náà, bí róbà bá fi lè là, epo á máa tú sínú ọkọ̀ ni. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1960, wọ́n ti ń fi pọ́ǹpù sára ẹ́ńjìnnì kó máa fa epo fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa kò sì ju ká fún bọ́ọ̀lù róbà tó wà láàárín róbà epo kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́.

Ìjọba náà kò káwọ́ gbera. Òfin ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1940 sọ ọ́ di dandan pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ohun ìpaná, kí inú ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù ní ihò tí afẹ́fẹ́ epo yóò gbà jáde, kí kábúrétọ̀ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ sì ní ohun tí kò ní jẹ́ kí iná tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ṣòfin yẹn ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ epo ni ọ̀tá.

Yamaha ti Japan gbé tirẹ̀ jáde ní 1960. Ẹ lọ sí etíkun Áfríkà lónìí, ẹ ó rí orúkọ yẹn lẹ́yìn ọkọ̀ apẹja àti ọkọ̀ èrò. Ẹ ó rí i lẹ́yìn ọkọ̀ àwọn apẹja Dubai àti Sharjah náà.

BÍ Ó ṢE DÉ Ọ̀SÀ WA

Nílé, ọ̀pá, àjẹ̀ àti ìgbòkun ni àwọn baba wa fi ń rìn lórí ọ̀sà, láti Badagry dé Èkó, dé Èpẹ́, dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Àwọn ará Ayétòrò, tí wọ́n tẹ ìlú wọn dó sí etíkun Ìlàjẹ ní 1947, wà lára àwọn tó tètè fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ onígi wa. Ọ̀nà tí ó ń gba ènìyàn ní ọjọ́ kan di ọ̀nà wákàtí mélòó kan.

Ìjọba àpapọ̀ dá NIWA sílẹ̀ ní 1997 láti máa bójú tó àwọn omi tó gba àárín ìlú kọjá, Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá LASWA tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 2008. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àpọ̀jù èrò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ epo fún ọlọ́kọ̀ kékeré ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òun nìkan wà nídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹbí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo fojú ara mi rí i. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ń wa ọkọ̀ èrò ní Èpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́, ó sì fẹ́ fọ asẹ́ epo kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Ó tú róbà. Epo díẹ̀ dà sínú ọkọ̀, bóyá ó tó ife kan. Àtùpà rẹ̀ wà ní iwájú ọkọ̀, ó jìnnà sí i tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e jìnnà, nítorí ó mọ̀ pé epo àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Epo náà kò dé ìdí àtùpà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló débẹ̀. Mo rí iná tó sáré láti ìdí àtùpà, ó gba ilẹ̀ ọkọ̀ wá bá a, kí n tó lè pariwo. Bàbá Kékeré bẹ́ sómi. Ó yè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ jóná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì bọ̀ sípò mọ́ láti di ohunkóhun mú dáadáa. Ọmọ rẹ̀ àgbà fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti wá oúnjẹ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Títí Bàbá Kékeré fi kú, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀: "Mo ṣáà gbé àtùpà jìnnà."

Ọmọ rẹ̀ àgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì tí mo sọ lókè ń lọ bá.

ÌWÉ TÍ Ó BÁ Ẹ́ŃJÌNNÌ RÌN

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Mo kọ ìwé kan ní Yorùbá, mo sì fi ọ̀rá wé e mọ́ ara ẹ́ńjìnnì náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Ẹ dà á kọ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí tiyín.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé èmi àbúrò ni mò ń kọ́ yín ní iṣẹ́ yín.

1. Ojúmọmọ ni kí ẹ máa tú ohunkóhun tó jẹ mọ́ epo, níta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tutù. Kó má sí sìgá, àtùpà, sítóòfù tàbí ẹni tó ń tẹ fóònù nítòsí, kì í ṣe ìgbésẹ̀ márùn-ún o, kó jìnnà pátápátá. Kí èrò sọ̀kalẹ̀. Ẹ tú wáyà bátìrì bí ó bá ní bátìrì.

2. Ẹ gbé táńkì àti kẹ́ẹ̀gì sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí ẹ tó rọ epo sí wọn. Ẹ má rọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn mọ́tò. Iná kékeré tó máa ń ta pàràpàrà lára aṣọ nígbà ọyẹ́ lè ta láàárín kẹ́ẹ̀gì àti ẹnu pọ́ǹpù, ó sì tó láti fa wàhálà. Ilẹ̀ ló ń gba iná yẹn mì.

3. Ẹ má rọ epo kún táńkì dé ẹnu. Epo ń wú bí oòrùn bá pa á. Epo lítà 25 tí ẹ rọ ní àárọ̀ tútù, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 20 lé sí i, ó máa fẹ́ àyè bí ìdajì lítà sí i. Bí kò bá sí àyè, inú ọkọ̀ ló máa dà sí.

4. Ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, ìwọ̀n 50 sí 1 ni: epo lítà 25, ọ́ìlì ìdajì lítà. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti pò ó. Bí ẹ bá ra irú mìíràn lọ́la, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tirẹ̀, torí òmíràn wà tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ rárá.

5. Kí ẹ tó yọ róbà, ẹ rọra tú ìdérí táńkì díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ jáde. Ẹ fi abọ́ gba epo tó bá ṣẹ́kù nínú róbà àti nínú asẹ́. Ẹ má dà á sínú ọ̀sà. Ẹja tí a ó jẹ ló wà níbẹ̀.

6. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́ náà dáadáa. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, nítorí náà, bí omi bá ti wọ epo, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. Òun ló sábà máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ẹ fọ asẹ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

7. Ẹ má fi ẹnu fa epo láéláé. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti rí àwọn àgbà tó ń ṣe é. Epo tó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

8. Ẹ tẹ róbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ti là, tó ti le gbagidi, tàbí tó ti rọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, róbà tí wọ́n ṣe fún epo ni kí ẹ sì rà. Róbà omi kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àmì ọfà tó wà lára bọ́ọ̀lù róbà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì.

9. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ má tíì ta iná sí i. Ẹ fún bọ́ọ̀lù náà títí yóò fi le, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fi ojú wo gbogbo ojú ìdè, kí ẹ sì tẹ̀ ba gbọ́ òórùn ilẹ̀ ọkọ̀. Bí òórùn epo bá wà níbẹ̀, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ìgbà tí kò bá sí òórùn mọ́ ni kí ẹ so bátìrì.

10. Mo fi ohun ìpaná oníyẹ̀fun sínú àpótí. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ yóò tètè tó. Omi kì í pa iná pẹtiróòlù, ṣe ló máa ń gbé e káàkiri. Kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo kò sì tíì ṣófo. Afẹ́fẹ́ epo ló kún inú rẹ̀. Ẹ dé e pa.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWA TÍ A WÀ NÍBÍ

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò rí, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ fa gbogbo epo inú rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má gbé e pamọ́ sínú yàrá tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ní Bur Dubai, níbi tí ọmọ ń sùn tí ìyàwó ń dáná. Ẹ má sì fi í pamọ́ sínú ẹrù ọkọ̀ òfuurufú láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí láti Èpẹ́. Ó ní òun ti ka ìwé náà fún àwọn ọmọ òun méjèèjì tí wọ́n ń bá òun ṣiṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó ní, "Àṣé jíjìnnà àtùpà kò tó." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi, kò tó."

Nígbà mìíràn tí ẹ bá wọ abra, ẹ rántí àwọn ọlọ́kọ̀ tiwa nílé. Omi kò ní gbé wa lọ, iná kò ní jó wa, ọkọ̀ wa á máa gúnlẹ̀ láyọ̀. Àṣẹ.